Nítorí Orúkọ Tí Mi Ò Rí Pè Lọ́jọ́ Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Rẹ

Okokomaiko,
Ọjọ́ Ajé.

Mórónkẹ́ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ tèmi,

Lẹ́tà tí o kọ láti Abẹ́òkúta dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo kà á lórí ìdúró, mo tún jókòó kà á. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú mo ní kí ìyá rẹ kà á sí mi létí, bóyá mo ṣì í kà ni. Mi ò ṣì í kà. O ní o ò ní lọ sí Kàdúná mọ́. O ní o fẹ́ kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ tó gbà ọ́ sí iṣẹ́ olùkọ́ pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn, nítorí ohun tí o rí lójú mi lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí ọkọ rẹ wá mọ̀ wá nílé. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì kọ lẹ́tà yẹn. Ka tèmi yìí tán ná. Yóò gùn, o sì mọ̀ mí: bí ọkàn mi ò bá ti balẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kì í mọ níwọ̀n.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà bó ṣe rí gan-an, kí èmi àtìrẹ má baà jọ máa díbọ́n. Wọ́n ní kí n dìde ṣàdúrà fún ẹ̀yin méjèèjì. Mo dìde. Mo ní kí Ọlọ́run bùkún Mórónkẹ́ àti... Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dúró. Ọmọkùnrin tó ti ń wọlé wọ̀de nílé wa láti ọdún méjì, tó gun òrùlé ilé ìdáná láti tún un ṣe nígbà tó ń jò, tí kì í fẹ́ ata púpọ̀ nínú ọbẹ̀. Gbogbo ìyẹn ni mo rí lójú mi. Mo mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ gùn. Mo mọ̀ pé ó fi G bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ náà fúnra rẹ̀ kò jáde. Mo wá sọ pé "àti ọkọ rẹ̀," gbogbo ilé ní àmín, àwọn ará ibẹ̀ rò pé bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Ìwọ àti ìyá rẹ nìkan ni ẹ mọ̀. Ìgbà tí àwọn àlejò ti ń wọ ọkọ̀ lọ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, níbi tí mo ti ń ká àga: Gbólágadé. Mo dá sọ ọ́ fún àga.

Ìyá rẹ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé o sunkún nílé ìdáná, pé ohun tí o sọ ni pé, "Ó ti ń ṣe wọ́n bíi ti Màmá Àgbà." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ dá lóhùn. Ọmọdé ni ọ́ nígbà tí ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa. O rí i pé kì í sọ̀rọ̀. O ò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe kúrò lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni o ò mọ ipa tí èmi ọmọ rẹ̀ kó níbẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ọ rí. Ojú ló ń tì mí.

Nígbà tí bàbá mi kú ní Ìfọ̀, mo lọ mú ìyá mi wá sí Okoko níbí. O mọ bó ṣe máa ń rí nílé ọkọ: ìyàwó kì í pe ẹbí ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ọmọ tó bá bá nílé, kódà kó jẹ́ èyí tó ṣì ń rá, ọkọ rẹ̀ ni, yóò sì wá orúkọ àpọ́nlé fún un. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí ìyá mi fi ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìfọ̀. Òun ló pe ọ̀kan ní Ìdílẹ̀kẹ̀, òun ló pe òmíràn ní Àgùntáṣọọ́lò, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó o ládùúgbò wọn. Nítorí náà, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè ọ́ ní Eyínfúnjowó, ẹ̀rín la rín. Ìwọ fúnra rẹ máa ń la ẹnu fún un kó rí eyín. Àwọn ará ilé ń yìn ín, wọ́n ní ìyá yìí mọ ilé ọkọ gbé. Èmi, Akọ̀wé ló ń pè mí, inú mi sì ń dùn sí i. Akọ̀wé sáà ni mí lóòótọ́. Ní ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá Navy Town nígbà náà, kò sí bóòtù tàbí páìpù tó wọlé tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

Mórónkẹ́, ó tó ọdún méjì kí n tó mọ̀ pé ìyá mi kò rí orúkọ mi pè mọ́. Ìyá kì í fi àpọ́nlé ilé ọkọ pe ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀. Èmi tí mo mọ àṣà yẹn láti kékeré, ó yẹ kí n ti fura. Ṣùgbọ́n oyè náà dùn létí mi. Ìyá mi ti rí ibi tó lè sá pamọ́ sí nínú ohun tó ti ń ṣe láti ìgbà ìyàwó rẹ̀, gbogbo wa sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọjọ́ tí mo mọ̀ ni ọjọ́ tó sọnù. Ó ní òun fẹ́ ra ọṣẹ lójú títì, láàárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ìyá rẹ ránṣẹ́ sí mi níbi iṣẹ́. Mo sá wá Okoko títí, mo dé ọ̀nà Ìbà, mo padà sójú títì márosẹ̀. Ó ti ń lọ sí aago mẹ́rin kí n tó rí i ní Ìyànà-Ìbà. Ó jókòó lórí àpótí lábẹ́ agboòrùn Alfa kan, ará Ṣakí tó ń tún aago ṣe, ó mú ife omi dání.

Alfa ní láti àárọ̀ ni ìyá náà ti ń kọjá sọ́tùn-ún sósì, òun wá pè é kó jókòó. Wọ́n bi í pé kí ni orúkọ ọmọ rẹ̀, ó ní Akọ̀wé. Wọ́n ní akọ̀wé wo, ó ní Akọ̀wé ni. Àsìkò yẹn ni yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìtòsí ibẹ̀, àwọn akọ̀wé pọ̀ ní Ìyànà-Ìbà bí èèrà. Alfa ní ẹnikẹ́ni tó bá ti so táì tó bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ni àwọn ń pè kó wá wò ó. Ọkùnrin mẹ́ta ló ti wá, wọ́n ní ìyá àwọn kọ́. Ọ̀kan nínú wọn sì fún un ní búrẹ́dì kó tó lọ.

Mo ń dọ̀bálẹ̀ fún Alfa, mo ń dúpẹ́, ó wá sọ ohun kan tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní, "Ọ̀gá, ìyá yín ò rí orúkọ yín sọ fún wa o. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó ń bọ̀ wá mú àwọn, á máa sáré, á sì máa wẹ̀yìn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Bí mo ṣe rí yín lókèèrè báyìí, mo ní, ọmọ ti dé."

Ó mọ̀ mí. Orúkọ mi ni kò rí, èmi kọ́ ni kò rí. Bí mo bá gbọ́n lọ́jọ́ yẹn, èmi ì bá ti di ọ̀rọ̀ Alfa mú, kí n máa tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù kì í sì í jẹ́ kí n ronú dáadáa. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti sọ ara mi di tíṣà ìyá mi.

Láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, màá to nǹkan mẹ́rin sórí tábìlì: ṣíbí, òòyà, àgádágodo, àti aṣọ gígùn tí a fi máa ń so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. Orúkọ tó ń jẹ́ ń sá fún mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ìyá rẹ wà nílé ìdáná, mo lè bi í, ṣùgbọ́n mi ò ní bi í. Mo fi àyè sílẹ̀ fún un níbí: . . . . . . . . . . Bó bá dé, màá sọ fún ọ.

Màá gbé nǹkan sókè, màá ní, "Kí ni èyí?" Bó bá jẹ́ ṣíbí, á fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń jẹun. Bó bá jẹ́ òòyà, á fọwọ́ kan orí. Ọjọ́ kan mo gbé àgádágodo sókè. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ohun tí o máa ń padà lọ fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí o tó lọ síbi iṣẹ́ ni." Ìyá rẹ bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ, ó sì fi mí ṣẹ̀fẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní mi ò béèrè ìyẹn, orúkọ rẹ̀ ni mo béèrè. Mo fi ọwọ́ lu tábìlì.

Ìyá mi ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Ó ní, "Ẹ má bínú, tíṣà."

Ó ní ẹ. Èmi tó bí, tó fọ ìdí fún, òun ló ń bẹ̀ mí bí ẹni ń bẹ àgbà. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, tàbí kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ mọ́ níṣẹ́jú yẹn. Títí dòní ni mo ń bi ara mi. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀ tó sì lè máa lò, ẹ̀rù mi kò jẹ́ kó lò wọ́n. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí o mọ̀ mọ́ Màmá Àgbà, àìsàn ló fa ìdá kan níbẹ̀. Èmi ni mo fa ìyókù.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó kọjá orúkọ. Ó mú ṣíbí, ó fi ń ya irun. Ó yí àgádágodo síwá sẹ́yìn, ó bi ìyá rẹ pé ṣé wọ́n ti sè é. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ni aṣọ yẹn. Bó bá ti rí i, á bẹ̀rẹ̀, á tẹ́ ẹ sẹ́yìn, á di àwọn etí rẹ̀ mú níwájú, á máa dúró de ọmọ. Bóyá o rántí ọjọ́ Sátidé kan tí o bá a níbẹ̀. O ti ga, ẹsẹ̀ rẹ ti gùn, o kàn lọ gùn ún lẹ́yìn. Ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́, mo pariwo, àmọ́ ó ti fà ọ́ mọ́ra. Ó fọwọ́ gbá ọ nídìí díẹ̀díẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ó ti sùn." Ó ti tó ọjọ́ mẹ́fà tí kò ti sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Ohun tó ṣe ìyá mi nìyẹn. Jẹ́ ká wá wo tèmi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀jọ́, láìsọ fún ọ. Dókítà náà kò jù ọ́ lọ, obìnrin ni, ó fi sùúrù gbọ́ ọ̀rọ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyẹn sì pẹ́. Ó kó àwòrán jáde, ó ní kí n máa dárúkọ wọn. Ojú ọkàn mi bá rí ìyá mi nídìí tábìlì. Mo ń dárúkọ wọn lọ títí mo fi dé orí ohun tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ná. Kò wá. Mo ní awọ ni wọ́n fi ń ṣe é, mo ní èèyàn máa ń fà á sókè, á sì tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni, mo ní mo jókòó tì í rí nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ní kí n máa bọ̀ níbi èyí tó kàn. A ti wo àwòrán mẹ́ta kọjá, mo ń wo ti ẹyẹ kan lọ́wọ́, ni ẹnu mi bá sọ pé, "Ẹwìrì."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ yín wà nílé. Kò tètè dáhùn ni."

Ó ṣàlàyé fún mi pé bí a bá ṣe ń dàgbà ni ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kó tó jáde, pàápàá orúkọ èèyàn, tí kò sì túmọ̀ sí pé àìsàn ti dé. Ó ní àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le mọ ohun tó ń wá, ó lè ṣàpèjúwe rẹ̀, bí ẹlòmíràn bá sì fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tọ́ ọ sọ́nà, á gbà á, tàbí kó dá wá fúnra rẹ̀ nígbà tí kò wá a mọ́. Ó ní ẹni tí irú àìsàn ìyá mi bá mú, ìgbà míì wà tí a óò sọ orúkọ náà fún un gan-an, tí kò ní dá a mọ̀. Ọ̀rọ̀ á máa dín kù lẹ́nu rẹ̀ lọ́dọọdún, nígbà tó bá sì yá, ohun náà fúnra rẹ̀ á di àjèjì. Mo ní kó búra fún mi pé tèmi kì í ṣe èyí. Ó ní òun ò lè búra nípa ọ̀la ẹnikẹ́ni, ohun tí òun rí lónìí ni òun sọ, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Bí mo ṣe ń jáde ló wá bi mí bóyá mo máa ń sùn dáadáa, ó ní ẹ̀rù náà máa ń lé ọ̀rọ̀ sá. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé oníbẹ̀rù ni mí. Ó hàn lójú mi ni.

Ó yá, gbọ́ ìmọ̀ràn mi.

Èkíní. Má fi orúkọ dán ẹnikẹ́ni wò láti fi mọ̀ bóyá ó ní ọpọlọ. Olùkọ́ lo fẹ́ jẹ́. Ọmọ kan á dìde níwájú rẹ, á mọ ohun tó fẹ́ sọ, ẹnu rẹ̀ ò sì ní gbé e. Má lu tábìlì. Sọ fún un pé kó ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ọ, wàá gbọ́ ohun tí ìwé rẹ kò ní.

Èkejì. Má máa sáré já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu èèyàn. Ìyá rẹ máa ń ṣe é fún mi, bí mo bá ti dúró díẹ̀, á ti bá mi parí rẹ̀. Mo bá a sọ ọ́ lánàá pé kó máa dúró dè mí. Ó ní, "Bàbá Mórónkẹ́, bí mo bá dúró dè yín, ọbẹ̀ á jó." Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí ó dúró. Mo rí i tó di ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ mi dé.

Ẹ̀kẹta. Nílé ọkọ rẹ, pọ́n wọn lé bó ṣe yẹ, mi ò ní kí o má ṣe é. Àmọ́ mọ orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n, kí o máa pè wọ́n nínú àdúrà rẹ. Bí àgbàlagbà kan tó ti ń pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọn lé, má bá wọn pàtẹ́wọ́. Sún mọ́ ọn.

Mi ò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́. Èyí tó kàn ni pé kí o má fi aláìsàn pamọ́ nítorí ojú ayé. Mo fi ìyá mi pamọ́ fún ọdún kan àbọ̀ nítorí ohun tí àwọn èèyàn á máa sọ, kí n tó mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Mi ò mọ̀ bóyá wọn ì bá rí nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ì bá ti sọ fún mi kí n gbé àwọn nǹkan kúrò lórí tábìlì.

Bó bá sì wá dé bá mi lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ kí o mọ ohun tí mo fẹ́ nísinsìnyí tí mo ṣì lè kọ ọ́. Má jẹ́ kí wọ́n bi mí pé, "Ṣé ẹ mọ̀ mí?" Bí o bá ti wọlé, sọ pé, "Èmi Mórónkẹ́ ni, mo ti Kàdúná dé," kí o sì jókòó tì mí. Bí mo bá pè ọ́ ní Eyínfúnjowó, dáhùn. Bí mi ò bá rí nǹkan kan pè ọ́, fi ìyẹn náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Rántí Alfa, kí o má sì rò pé mi ò mọ ẹni tó wọlé.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka lẹ́tà rẹ pé o ò lọ mọ́, inú mi dùn. Mo rò ó pé ọmọ mi á wà nítòsí, pé ẹ̀rù ò ní máa bà mí lórí ọ̀nà Kàdúná tó jìn. Ìgbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì ni mo rí ara mi nídìí tábìlì yẹn. Mo tún fẹ́ fi ẹ̀rù mi pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́. Mi ò ní ṣe é lẹ́ẹ̀mejì láyé mi. Máa lọ, Mórónkẹ́. Èmi bàbá rẹ ló ní kí o máa lọ.

Ọjọ́bọ̀.

Mo ti ti ilẹ̀kùn láàárọ̀ yìí, mo ti dé ẹ̀bá gọ́tà, mo padà lọ fọwọ́ kan àgádágodo náà lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò ronú nípa nǹkan kan. Bí mo ṣe di irin yẹn mú ni ó dé, láìsí ẹni tó pè é: ọ̀já. Mo sọ ọ́ sókè, obìnrin tó ń gbálẹ̀ lójúde kejì ní kí ni mo sọ, mo ní kò sí nǹkan kan.

Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà á. Mi ò kọ ọ́ sínú àyè tí mo fi sílẹ̀ lókè. Mo fẹ́ kí o rí àyè náà bó ṣe ṣófo, kí o sì mọ̀ pé ó pẹ́, ó sì dé.

Gbólágadé ni yóò bá mi mú lẹ́tà yìí wá fún ọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìyá rẹ ti fọ ọ̀já tí Màmá Àgbà lò fún ọ, ó wà nínú àpò tó máa gbé wá. Di í mọ́ ẹrù rẹ tó ń lọ sí Kàdúná.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akọ̀wé.